Ọjọ́ Kẹta Ọdún Iléyá Nínú Igbó Lẹ́kkí

 

Nígbàtí ọdún Iléyá 2024 ku ọ̀sẹ̀ kan, ìyá àwọn ọmọ mi wá bá mi níbi tí mo gbé ń ká ẹní mọ́sálásí wa, ó ní: "Bàbá wọn, ọdọọdún ni à ń pa ẹran jẹ. Lọ́dún yìí, ẹ mú àwọn ọmọ yìí lọ síbi tí wọn yóò ti rí ẹran tí ẹnikẹ́ni kò ní pa." Mo bi í pé níbo nìyẹn. Ó ní igbó tí wọ́n dá sí ní Lẹ́kkí ni. Mo rẹ́rìn-ín, mo ní kí ni a fẹ́ rí nínú igbó tí kò sí nínú àbàtà ẹ̀yìnkùlé wa? Ó ní: "Àbàtà wo? Èyí tí ẹ ti da yanrìn dí?" Mo dákẹ́. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi ọ̀rọ̀ yanrìn yìí sọ́kàn, n óò padà sórí rẹ̀.

Ní ọjọ́ Àtàláátà tí í ṣe ọjọ́ kẹta ọdún, a jáde ní ìhà Ìkòròdú tí a ń gbé lẹ́yìn ìrun Àsùbáà. Ọkọ̀ mẹ́ta ni a wọ̀ kí a tó dé ojú ọ̀nà tó ti Lẹ́kkí lọ sí Ẹ̀pẹ́. Ẹnubodè igbó náà kọjú sí ilé-iṣẹ́ elépo Chevron. Ariwo ọkọ̀ ni ó sìn wá dé ẹnu ọ̀nà, ṣùgbọ́n a kò tíì rìn jìnnà nínú igbó náà tí etí wa fi bẹ̀rẹ̀ sí gbọ́ ohùn ẹyẹ. Àbíkẹ́yìn wa bi mí pé: "Bàbá mi, ta ni ó pa ariwo yẹn?"

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí ibẹ̀ ṣe bẹ̀rẹ̀. Olóyè Shafi Lawal Edu, ọmọ Ẹ̀pẹ́ tí í ṣe gbajúmọ̀ oníṣòwò, ni ó dá ẹgbẹ́ Nigerian Conservation Foundation sílẹ̀ ní 1980, kí igbó àti ẹranko ilẹ̀ wa má bàa run. Ẹgbẹ́ yìí ni ó ya ilẹ̀ Lẹ́kkí náà sọ́tọ̀ ní 1990. Hẹ́kítà 78 ni ilẹ̀ ọ̀hún. Bí a bá to pápá bọ́ọ̀lù 100 sínú rẹ̀, àyè yóò ṣẹ́kù. Ní 2002 ni Olóyè náà jáde láyé, ṣùgbọ́n ní àdúgbò tí ilẹ̀ gbé wọ́n bí ojú yìí, igbó náà ṣì wà níbẹ̀ títí di òní.

Afárá pákó ni a gbà wọ inú igbó lọ, nítorí pé omi ni ó wà lábẹ́ rẹ̀. Omi náà dúdú bí àgbo, ewé jíjẹrà ni ó sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Igi ògùrọ̀, ọ̀pẹ àti àwọn igi ńlá dúró nínú rẹ̀ ṣinṣin, gbòǹgbò wọn lọ́ mọ́ra bí irun tí a dì. Ibi tí a dúró láti wo awọ́nríwọ́n kan tó ń wọ́ lọ ni ọ̀bọ ti bọ́ sílẹ̀ lójijì, ó gba móínmóín lọ́wọ́ ọmọ mi ọkùnrin, ó sì gun igi lọ. Ọmọ fẹ́ sunkún, ṣùgbọ́n nígbàtí ó rí i bí ọ̀bọ náà ti ń bó ewé kúrò lára móínmóín bí ènìyàn, ẹ̀rín ni ó bú sí. Ìyá rẹ̀ ní: "Má bínú, sàárà ọdún ni."

Níwájú, a rí ọ̀kín tó ń tan ìrù, a sì rí ìjàpá ńlá. Lẹ́yìn náà ni a dé ìdí afárá orí igi. Okùn irin ni wọ́n fi so ó rọ̀ láti òpó dé òpó. Gígùn rẹ̀ jẹ́ mítà 401, wọ́n sì ní kò sí irú rẹ̀ tó gùn tó o ní Áfíríkà. Ibì kan wà níbẹ̀ tó ga bí ilé alájà mẹ́fà. Kí n má parọ́, ẹsẹ̀ mi gbọ̀n. Ìyá àwọn ọmọ ká etí aṣọ rẹ̀, ó dì í mọ́ra, ó sì ṣíwájú. Mo ń tẹ̀lé e, mo ń ka gbogbo àdúà tí mo mọ̀.

Lókè pátápátá, mo la ojú mi. Orí igi ni ó wà lábẹ́ wa, tútù yọ̀yọ̀; òrùlé ilé ni ó sì yí i ká. Mo bi ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń mú wa kiri pé, pẹ̀lú gbogbo òjò oṣù Òkúdù yìí, níbo ni omi ń gbà lọ? Ó ní: "Alfa, inú àbàtà yìí ni omi ń sinmi. Ilẹ̀ rẹ̀ ń fà á mu bí kànìnkànìn, gbòǹgbò igi a dá a dúró, a sì máa jò ó sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Bí a bá da yanrìn dí àbàtà, omi kò ní torí ìyẹn padà sí ọ̀run. Ilé ẹlòmíràn ni yóò lọ."

Ìyá àwọn ọmọ kò sọ nǹkan kan. Ó wò mí ni.

Ẹ̀yin ènìyàn mi, ní 2022 mo ra yanrìn ọkọ̀ akẹ́rù mẹ́jọ, mo dà á sí àbàtà ẹ̀yìnkùlé wa, mo fẹ́ kọ́ yàrá méjì tí n óò fi gba owó ilé. Ní òjò ọdún tó tẹ̀lé e, omi wọ ilé ìyá alákàrà tó wà nísàlẹ̀ wa, opó ni. Ó ba ẹ̀wà àpò kan jẹ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Èmi Náíbì yìí ni mo lọ kí i. Mo jókòó sórí àga rẹ̀, mo wàásù sùúrù fún un, mo ní kádàrá ni. Ìyàwó mi ti sọ fún mi nígbà náà pé yanrìn wa ni; mo ní kí ni obìnrin mọ̀ nípa omi.

Ẹ̀yin tí ẹ bá fẹ́ lọ síbẹ̀, ẹ tètè jáde kí oòrùn tó mú, ẹ wọ bàtà tó dì mọ́ ẹsẹ̀. Ẹ má ṣe di oúnjẹ sọ́wọ́ ọmọ, nítorí ọ̀bọ. Ẹ di ọmọ kékeré mú lórí afárá pákó, nítorí ọ̀nì ń bẹ nínú omi. Ẹni tí ojú ń kọ́ kó má gun afárá òkè. Ilẹ̀ nìkan tó o wò. Ẹ mú ẹní kékeré dání. Abẹ́ igi ni a ti kírun Àílà.

Nígbàtí a padà délé, mo lọ bá ìyá alákàrà. Mo ní: "Ìyá, kádàrá kọ́, yanrìn mi ni. Ẹ forí jì mí." Ó bu àkàrà fún mi, ó ní: "Alfa, mo ti mọ̀ tipẹ́. Ẹ̀yin ni mo ń dúró dè." Mo san owó ẹ̀wà rẹ̀. A gbẹ́ yanrìn kúrò títí a fi kan ilẹ̀ dúdú, a sì la ojú omi padà. Yàrá méjì kò ṣeé ṣe mọ́, owó yanrìn sì ti lọ. Ṣùgbọ́n ní òjò 2025, omi kò wọ ilé rẹ̀. Igi ògùrọ̀ mẹ́ta ti hù níbẹ̀, àwọn ọmọ mi sì ń retí ọ̀bọ.