Ẹni Tí Rédà Kò Bá Sọ̀rọ̀

Bí olùkọ́ bá ní kí a mú àpẹẹrẹ ìbánisọ̀rọ̀ tí kò lo ọ̀rọ̀ ẹnu wá, àrokò àti ààlè ni gbogbo wa máa ń sáré mú. Kò sí ohun tó burú níbẹ̀. Ṣùgbọ́n mo fẹ́ mú òmíràn wá fún ẹ̀yin akẹgbẹ́ mi, láti inú eré orí kọ̀ǹpútà kan tí wọ́n ń pè ní DCS World, níbi tí ènìyàn ti ń wa bàálù ogun bí ẹni pé inú rẹ̀ gan-an ló jókòó sí. Kì í ṣe eré ọmọdé o. Ìwé ìtọ́sọ́nà bàálù kan ṣoṣo nínú rẹ̀ lè nípọn ju ìwé gírámà wa lọ.

Ẹ̀rọ kékeré kan wà nínú ọ̀pọ̀ àwọn bàálù yìí tí wọ́n ń pè ní RWR. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti máa gbọ́ rédà ẹlòmíràn. Rédà a máa ju ìgbì rédíò jáde, ìgbì náà á lu nǹkan, á sì padà bọ̀, bí ẹni tó kígbe lẹ́bàá òkè tó ń dúró de gbohùngbohùn. Ẹni tí igbe náà lù ń gbọ́ ọ pẹ̀lú. Ó tilẹ̀ ń gbọ́ ọ láti ọ̀nà jíjìn ju ibi tí ẹni tó kígbe ti lè gbọ́ gbohùngbohùn rẹ̀ lọ, nítorí pé igbe ní láti lọ kí ó sì tún bọ̀ kó tó wúlò fún ẹni tó ni ín. RWR sábà máa ń ní etí mẹ́rin lára bàálù. Ó ń fi ohùn tí ọ̀kọ̀ọ̀kan gbọ́ wé ara wọn láti mọ ìhà tí igbe ti wá. Lẹ́yìn náà, ó ń wo bí ìgbì ọ̀hún ṣe ń lù léraléra, ó ń fi wé àkójọ tó wà nínú rẹ̀, ó sì ń kọ orúkọ sójú gíláàsì róbótó kan: 6 fún rédà mísáìlì SA-6, 29 fún bàálù MiG-29.

Akẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ ẹ̀dá-èdè kò ní pẹ́ mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ níbí. Ní Igolo, lẹ́bàá ibodè Nàìjíríà, ní agbègbè Ìfọ̀nyìn tí ìwé ìjọba Benin ń pè ní Ifangni, Yorùbá, Gùn àti Faransé ń dún pọ̀ mọ́ra. Ènìyàn lè dúró lókèèrè, kí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo má yé e, síbẹ̀ kó mọ̀ pé Gùn ni àwọn kan ń sọ lọ́hùn-ún. Ohun tí RWR ń ṣe nìyẹn. Ó mọ èdè, kò gbọ́ ọ̀rọ̀. Nínú F-15C ti eré yìí, 29 kan náà ló ń kọ fún MiG-29 àti Su-27, bí ọ̀rọ̀ tó ní ìtumọ̀ méjì tí kò sì sí àmì ohùn tí a ó fi yà wọ́n. SPO-15 tí àwọn ará Rọ́ṣíà ṣe kì í tilẹ̀ dárúkọ ẹnikẹ́ni. Iná mẹ́fà ló ní, ìsọ̀rí sì ni ọ̀kọ̀ọ̀kan ń tọ́ka sí: bàálù ogun, mísáìlì orí ilẹ̀ tí ń lọ jìnnà, àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Ìsọ̀rí ọ̀rọ̀ láìsí ọ̀rọ̀! Mo fẹ́ràn rẹ̀ ju ti Amẹ́ríkà lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òun ló máa ń jẹ́ kí wọ́n pa mí.

RWR tún ń fọhùn. Bí rédà bá ń wá kiri lásán, á dún lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Bí rédà bá dúró lé bàálù rẹ lórí, ohùn náà á yí padà. Bí wọ́n bá wá ju mísáìlì tí rédà ń darí, á bẹ̀rẹ̀ sí í ké kíkankíkan. Irú igbe yìí ni Ìyá àgbà gbọ́ nílé wa ní Ìfọ̀nyìn, ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan tí iná wà.

“Ọmọ mi, kí ló ń ké báyìí?”

“Ẹ̀rọ ló ń sọ fún mi pé ọ̀tá ti rí mi, Ìyá.”

Wọ́n ronú díẹ̀. “Ọ̀tá náà ló rán an sí ọ ni, àbí ìwọ lo fetí kọ́ ọ?”

Mo dá eré náà dúró. Ìbéèrè tí H. P. Grice fi àpilẹ̀kọ rẹ̀ ti ọdún 1957 tú palẹ̀ ni Ìyá àgbà bi mí yẹn. Àmì kan wà tí ẹnikẹ́ni kò fi ránṣẹ́: bí ara ọmọ bá sú, a mọ̀ pé èéyi ni, ṣùgbọ́n ara ọmọ kò bá wa sọ̀rọ̀. Òmíràn wà tí ẹnìkan gbé kalẹ̀ kó lè yé wa pé òun fẹ́ kó yé wa. Ààlè jẹ́ ti ìkejì yìí. Ẹni tó so ìkarahun ìgbín mọ́ igi ọsàn fẹ́ kí olè rí i, kí olè sì mọ̀ pé òun ni wọ́n ń bá wí. Rédà jẹ́ ti àkọ́kọ́. Ẹni tó tan án ń wá bàálù ni, ìbá sì wù ú kí awakọ̀ rẹ̀ di adití.

Àmọ́ kò dúró síbẹ̀. Ọ̀tá mọ̀ pé mo ń gbọ́. Nínú eré yìí, mo ti rí ẹni tí mísáìlì rẹ̀ ti tán pátápátá, tó kàn gbé rédà lé ẹlòmíràn lórí kí igbe lè ta nínú bàálù onítọ̀hún, kó sì yà sá. Ìgbì kan náà ni, ẹ̀rọ kan náà ló gbọ́ ọ, ṣùgbọ́n ó ti di ààlè. RWR kò lè mọ ìyàtọ̀, nítorí pé ìyàtọ̀ náà kò sí nínú ìró.

Ìdákẹ́jẹ́ ló wá le jù. Ní ọjọ́ 2 oṣù Kẹfà ọdún 1995, lókè Bosnia, mísáìlì SA-6 já F-16 tí Scott O'Grady ń wà lulẹ̀. Àwọn ọmọ ogun Serb tó wà nísàlẹ̀ ti pa rédà wọn. Ìgbà tí bàálù ti dé tòsí ni wọ́n tó tan án, àkókò tó ṣẹ́ kù kò sì tó nǹkan. O'Grady bọ́ síta, ó sá pa mọ́ nínú igbó fún ọjọ́ mẹ́fà kí wọ́n tó wá gbé e. Mísáìlì tí ń tọpa ooru, bí Igla tí wọ́n ń gbé léjìká, kò lo rédà rárá. Ìdí nìyẹn tí A-10C fi ní ẹ̀rọ mìíràn, AN/AAR-47, tí ń wo iná ìdí mísáìlì nígbà tó bá ń jó. Iná ọ̀hún kì í sì í pẹ́ kú.

Nítòsí wa ńkọ́? Ní ọjọ́ 18 oṣù Keje ọdún 2021, àwọn agbébọn yìnbọn já Alpha Jet Iléeṣẹ́ Ọmọ Ogun Òfuurufú Nàìjíríà lulẹ̀ ní ààlà Zamfara àti Kaduna. Awakọ̀ rẹ̀, Abayomi Dairo, bọ́ síta, ó sì yè é. Ìbọn tí ènìyàn ń fi ojú lásán wọ̀n kì í ju ìgbì rédíò kankan, kò sì sí RWR tí yóò gbọ́ ọ.

Nínú àkọtọ́ wa, fáwẹ́lì tí kò ní àmì lórí, ohùn àárín ló ní. Ṣùgbọ́n èyí rí bẹ́ẹ̀ kìkì bí a bá mọ̀ pé ẹni tó kọ ọ́ fi àmì sórí ìyókù. Nínú ìwé ìròyìn tí kò fi àmì sórí ohunkóhun, àìsí àmì kò sọ nǹkan kan. Irú ìdákẹ́jẹ́ yẹn ni ti RWR: bóyá kò sí ẹnikẹ́ni, bóyá ẹnìkan wà tó pa rédà rẹ̀, bóyá ohun tí ń bọ̀ kò ní rédà láti ìbẹ̀rẹ̀. Àwọn tó mọ eré yìí dáadáa, bí ẹ̀rọ bá dákẹ́ lókè ilẹ̀ ọ̀tá, wọn a fi apá bàálù kan délẹ̀, wọn a tún fi èkejì délẹ̀, wọn a sì máa fi ojú ara wọn wá èéfín nísàlẹ̀.