Ọlọ tí Mo Rí ní Ténéré

Ilé ìtajà bàbá mi ní Agadez kò jìnnà sí mọ́ṣáláṣí àtijọ́ ìlú náà, èyí tí wọ́n mọ ní ọdún 1515. Amọ̀ ni ilé gogoro rẹ̀, ó ga tó mítà 27, orí igi sì yọ síta lára rẹ̀ yí ká bí ẹ̀gún. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni bàbá mi. Obì gbànja ló ń tà lọ́hùn-ún ní ilẹ̀ Niger, àwọn Tuareg tó ń da ràkúnmí gba aṣálẹ̀ Ténéré lọ sí Bilma sì wà nínú àwọn oníbàárà rẹ̀.

Nínú oṣù Kọkànlá ọdún 1971, mo bẹ̀ ẹ́ títí ó fi fà mí lé ọ̀kan nínú wọn lọ́wọ́. Ọmọ ọdún mọ́kànlélógún ni mí nígbà náà. Àgbàlagbà ni ọkùnrin náà, òun sì ni aṣíwájú àwọn tó ń da ràkúnmí náà. Hausa la jọ ń sọ. Mò ń pè é ní Baba, òun ń pè mí ní Bàyárábe, ìyẹn ọmọ Yorùbá.

Ẹni tí kò rin ìrìn náà rí lè rò pé orí ràkúnmí ni wọ́n máa ń wà láti òwúrọ̀ ṣúlẹ̀. Rárá o, ẹsẹ̀ la fi ń rìn. Jéró ló wà lẹ́yìn àwọn ẹran nígbà tí à ń lọ. Iyọ̀ Bilma àti dàbínù la fẹ́ rù bọ̀. Ọ̀nà náà tó nǹkan bíi 600 kìlómítà, èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ ni kò ní koríko rárá. Ìdí nìyẹn tí a kì í fi í dúró lójú ọ̀sán: bí a bá dúró, a ní láti sọ gbogbo ẹrù kalẹ̀, kí a tún gbé e padà sẹ́yìn ẹran tí ebi ń pa. Jéró lílọ̀ tí wọ́n pò mọ́ dàbínù àti wàràkàṣì gbígbẹ, tí wọ́n fi omi pò, la ń mu bí a ti ń rìn. Nígbà tí oòrùn bá mú kọjá agbára, a ó gun ràkúnmí díẹ̀. Lóru, ìràwọ̀ ni Baba fi ń mọ̀nà, òtútù a sì máa wọ egungun ènìyàn.

A di koríko gbígbẹ rù láti ẹ̀gbẹ́ òkè Aïr. Bí a ti ń lọ ni wọ́n ń sọ ìdì kọ̀ọ̀kan kalẹ̀ sínú yanrìn, kí ràkúnmí lè rí nǹkan jẹ nígbà tí a bá ń bọ̀. Mo bi Baba pé ta ni yóò máa ṣọ́ ọ. Ìbéèrè náà kò tilẹ̀ yé e. Nígbà tí a padà, gbogbo rẹ̀ pé.

Láàárín àwọn Tuareg, ọkùnrin ló ń bo ojú, kì í ṣe obìnrin. Láwàní tí wọ́n rẹ láró ní ilẹ̀ Kánò máa ń ta sí wọn lára, títí ẹ̀rẹ̀kẹ́ wọn yóò fi dà bí ọwọ́ ìyá bàbá mi tó fi gbogbo ayé rẹ̀ pa aró. Bí mo bá ń wo Baba lẹ́gbẹ̀ẹ́ iná, ilé ló máa ń sọ sí mi lọ́kàn.

Mo rí ẹsẹ̀ kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ kékeré elétí ńlá lórí yanrìn lójoojúmọ́, n kò rí òun fúnra rẹ̀ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, ẹran mẹ́ta dúró lókèèrè, ara wọn funfun, ìwo wọn lọ́ bí okùn. Addax ni wọ́n ń pè é. Ó lè pẹ́ gan-an láì mu omi, omi inú koríko tó ń jẹ tó o. Lónìí, àwọn tó kù nínú aṣálẹ̀ kò tó 100. Nígbà tí mo gbọ́ bẹ́ẹ̀, àwọn mẹ́ta yẹn ni mo rántí.

Lọ́jọ́ kẹrin ni mo rí ọlọ. Ọlọ gan-an ni mo wí, òkúta tí wọ́n ti lọ nǹkan lórí rẹ̀ títí àárín rẹ̀ fi jìn, ọmọ ọlọ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Kò sí ilé, kò sí omi, kò sí ewé kan níbẹ̀. Mo bẹ̀rẹ̀ láti gbé ọmọ ọlọ náà, ó wù mí kí n mú un lọ fún ìyá mi. Baba ní kí n fi sílẹ̀, ó ní ibẹ̀ ni onílé fi í sí. Mo fi í sílẹ̀. Ní ọdún 2000, àwọn onímọ̀ rí itẹ́ òkú àtijọ́ ní Gobero, nínú aṣálẹ̀ yìí kan náà, níbi tí adágún omi wà nígbà kan, tí àwọn ènìyàn ti ń pẹja ní nǹkan bí 10,000 ọdún sẹ́yìn. Wọ́n bá ìyá kan níbẹ̀ tí òun àti ọmọ méjì na ọwọ́ sí ara wọn nínú sàréè. Ó dá mi lójú pé irú ìyá bẹ́ẹ̀ ló ni ọlọ tèmi.

Ọjọ́ kẹfà la dé ìdí igi Ténéré. Igi ẹlẹ́gùn-ún kan ṣoṣo ni, kò sí òmíràn yí ká fún ìrìn ọjọ́ díẹ̀. Nígbà tí wọ́n gbẹ́ kànga sítòsí rẹ̀ ní ìparí àwọn ọdún 1930, wọ́n rí i pé gbòǹgbò rẹ̀ wọlẹ̀ ju mítà 30 lọ kó tó kan omi. Ebi ń pa ràkúnmí wa, igi ìdáná wa sì ti ń tán, síbẹ̀ kò sí ẹni tó ya ẹ̀ka rẹ̀ kan. Baba gbé ọwọ́ lé e lára, ó dúró díẹ̀, ó sì lọ fa omi.

Ní ọdún 1973, awakọ̀ ọkọ̀ akẹ́rù kan gbá a wó. Gbogbo aṣálẹ̀ tó tẹ́ rẹrẹ yẹn, igi kan ṣoṣo tó wà níbẹ̀ ló lọ kọlù. Ó dùn mí nígbà náà, ó ṣì ń dùn mí. Wọ́n gbé òkú rẹ̀ lọ sí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ní Niamey, wọ́n sì ri òpó irin mọ́lẹ̀ dípò rẹ̀.

Mo lọ wò ó ní Niamey nígbà tí Baba àti bàbá mi ti kú. Mo wá ibi tí Baba gbé ọwọ́ lé lára igi náà. N kò mọ̀ ọ́n mọ́.