Ìtọ́jú Ọkàn Olùkọ́

Kò sí iṣẹ́ tí ọkàn Kristẹni ti lè gbẹ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fura bí iṣẹ́ olùkọ́. Àdúrà òwúrọ̀ wà lẹ́nu wa, orin wà lẹ́nu wa, a sì mọ orúkọ àwọn Àpọ́sítélì méjèèjìlá lórí. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó fi Bíbélì ṣe iṣẹ́ oòjọ́ wà nínú ewu kan tí kì í ṣe ti àgbẹ̀ tàbí ti alágbẹ̀dẹ. À ń ka ìtàn Dáfídì kí a lè rí ìbéèrè mẹ́wàá yọ nínú rẹ̀. À ń ka Ìhìn Rere Lúùkù pẹ̀lú gègé pupa lọ́wọ́. Nígbà tí ó bá pẹ́, ojú a ti mọ ìbéèrè wá jù, kò ní mọ oúnjẹ wá mọ́.

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, mo rí i pé nígbà tí irú ọ̀gbẹlẹ̀ bẹ́ẹ̀ bá dé, àwọn kan a máa sáré sọ pé ayé ni ó ń ṣe wọ́n, wọn a sì gba orí òkè lọ fún ààwẹ̀ ọlọ́jọ́ púpọ̀. Èmi kò bú ààwẹ̀. Ṣùgbọ́n bí a bá ń sunkún, à á máa ríran. Ẹ jẹ́ kí a wo Èlíjà nínú Ìwé Àwọn Ọba Kìíní, orí 19. Ó ti bá àwọn wòlíì Báálì jà ní Kámẹ́lì, ó ti sáré níwájú kẹ̀kẹ́ Áhábù, ó sì ti sá fún Jésíbẹ́lì wọ aginjù, níbi tí ó ti bẹ Ọlọ́run pé kí Ó gba ẹ̀mí òun. Áńgẹ́lì tí a rán sí i kò bá a wí, kò sì wàásù fún un. Àkàrà gbígbóná àti omi ni ó gbé fún un. Ó jẹ, ó mu, ó tún sùn, áńgẹ́lì náà sì tún jí i kí ó jẹun lẹ́ẹ̀kejì. Lẹ́yìn èyí ni ó rin ogójì ọjọ́ dé Hórébù, tí ó gbọ́ ohùn kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. Olùkọ́ tí ó ń yẹ ìwé àwọn ọmọ wò títí di òru ní ọjọ́ márùn-ún lọ́sẹ̀, kí ó kọ́kọ́ sùn ná, kí ó tó pe ara rẹ̀ ní apẹ̀yìndà.

Oorun nìkan kò tó, ó dájú. Ọkùnrin kan wà ní Páríìsì, Brother Lawrence, tí ó kú ní ọdún 1691. Ilé ìdáná àwọn ajẹ́jẹ̀ẹ́-ìsìn ni a fi í sí, bẹ́ẹ̀ ni kò fẹ́ràn iṣẹ́ náà rárá. Síbẹ̀, láàárín ariwo ìkòkò ni ó ti kọ́ láti máa bá Ọlọ́run sọ̀rọ̀, títí iṣẹ́ àti àdúrà fi di ọ̀kan fún un. Inú ìkòkò dúdú ni ẹ̀kọ funfun ti ń jáde. Mo tún ní ẹlẹgbẹ́ kan tí ó jẹ́ Mùsùlùmí. Bí àkókò ìrun bá tó, a gbé ṣọ́ọ̀kì sílẹ̀, a lọ ṣe àlùwàlá, kì í tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Lára rẹ̀ ni mo ti kọ́ pé àkókò tí a kò bá yà sọ́tọ̀, iṣẹ́ ni yóò jẹ ẹ́.

Nítorí náà ni mo ṣe ń dé ilé-ìwé ṣáájú agogo, tí mo ń ka Sáàmù kan tí kò sí nínú ìlànà ẹ̀kọ́, láìmú gègé dání.

Ní ọdún kan, ọmọbìnrin kan tí ìyá rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ kú bá mi nídìí tábìlì ní òwúrọ̀ bẹ́ẹ̀. Ó béèrè pé, “Tíṣà, ṣé Ọlọ́run kò gbọ́ àdúrà tí ìjọ gbà fún ìyá mi ni?” Mo mọ ìdáhùn tí ó lè gba máàkì lórí ìjìyà àwọn olódodo, n kò sọ ọ́. Mo sún àga kan fún un, mo sì tún Sáàmù tí mo ń kà bẹ̀rẹ̀ láti orí ẹsẹ kìíní, pẹ̀lú ohùn jẹ́jẹ́. Nígbà tí mo parí, ó ní kí n tún un kà. Nígbà tí agogo lù, ó fọwọ́ ara rẹ̀ pa ìwé náà dé, ó kúnlẹ̀ kí mi, ó sì lọ sí kíláàsì.