Èbúté Aṣéjire Nínú Ọ̀dà Olóròóró

Ẹni tó bá ń ti Ìbàdàn lọ sí Ifẹ̀, tó sì ti ré Ẹgbẹ́dá kọjá, kò ní pẹ́ kan afárá Aṣéjire. Ẹja yíyan tí àwọn obìnrin ń nà sí ojú fèrèsé ọkọ̀ ni ọ̀pọ̀ nínú wa fi mọ ibẹ̀. Odò Ọ̀ṣun tó ṣẹ̀ láti Ìgèdè-Èkìtì, tó gba Òṣogbo kọjá, náà ló ń ṣàn lábẹ́ afárá yẹn. Nígbà tí omi Ẹléyẹlé, tí wọ́n sé ní 1942, kò tó Ìbàdàn mu mọ́, wọ́n sé Ọ̀ṣun náà ní Aṣéjire. Omi tí ọ̀pọ̀ ará ìgboro ń mu, ibẹ̀ ló ti ń wá.

Ọ̀rẹ́ mi kan tó jẹ́ ayàwòrán ni mo tẹ̀ lé dé ibẹ̀. Ọ̀dà tí wọ́n fi òróró pò ló ń lò. Irú ọ̀dà bẹ́ẹ̀ kì í tètè gbẹ, nítorí afẹ́fẹ́ ló ń sọ òróró inú rẹ̀ di líle díẹ̀díẹ̀. Ohun tí ó bá kùn lónìí, ó lè fi àkísà nù ún kúrò lọ́la.

Láàárọ̀, kí oòrùn tó mú, ni àwọn ọkọ̀ àjẹ̀ ń gúnlẹ̀. Ẹ̀pìyà àti àrọ̀ ló pọ̀ jù nínú àwọ̀n lọ́jọ́ náà. Kí apẹja tó so ọkọ̀ rẹ̀ tán, àwọn obìnrin ti wọ omi dé orúnkún, wọ́n ń ná ẹja tó ṣì ń mí. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á ha ìpẹ́ ẹ̀pìyà. Àrọ̀ ní tirẹ̀, wọ́n á ká a po, wọ́n á fi igi tẹ́ẹ́rẹ́ há ìrù rẹ̀ mọ́ ẹnu, kí wọ́n tó tò ó sórí iná. Èéfín náà kì í jẹ́ kí ènìyàn rí òdìkejì odò. (Aṣọ mi rùn ún di ọjọ́ kẹta.)

Ìyá kan béèrè pé, “Ọmọ mi, ṣé èmi náà á wà níbẹ̀?”

“Ẹ̀yin gan-an ni mo ń wò, mà.”

Wọ́n tún gèlè wọn wé, wọ́n sì ń ha ìpẹ́ wọn lọ.

Aina Onabolu, ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde tó ṣíwájú nínú irú iṣẹ́ yìí nílẹ̀ wa, àwọn gbajúmọ̀ Èkó ló sábà máa ń yà. Wọ́n jókòó fún un pẹ̀lú aṣọ iyì. Ẹni tó ń yan ẹja kì í ráyè jókòó.

Nígbà tí àwòrán náà kù díẹ̀, olówó kan nígboro fẹ́ rà á. Odò náà wù ú, ṣùgbọ́n ó ní kí ọ̀rẹ́ mi yọ èéfín àti àwọn kẹ́ẹ̀gì aláwọ̀ ìyeyè kúrò, kí ó sì dín àwọn obìnrin kù. Owó tó dá lé e tó san owó ilé ọdún kan. Èmi sọ tèmi: bí a bá yọ èéfín náà, odò ibikíbi ló kù. Ọ̀rẹ́ mi kò dá mi lóhùn. Ọ̀dà náà ṣì tutù. Ó mú àkísà, ó nu kẹ́ẹ̀gì kan kúrò, ó sì dúró wo ojú ibẹ̀ fún ìgbà pípẹ́.

Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, kẹ́ẹ̀gì ti padà sí àyè rẹ̀. Ọ̀dà funfun tó kẹ́yìn, ọwọ́ ìyá náà ló kán an sí, bí ìpẹ́ ẹja. Wọn ò tíì rà á.