Bọ̀lẹ̀kájà Orí Tábìlì

Mi ò tíì rí páálí kan tí wọ́n ya bọ̀lẹ̀kájà sí lára. Bàlúù ogun àwọn Gẹ̀ẹ́sì wà, ọkọ̀ ogun àwọn ará Jámánì wà, mọ́tò ìsáré-ìje àwọn ará Ítálì náà wà. Gbogbo rẹ̀ ló wà ní ẹ̀yà-ẹ̀yà nínú páálí, tí èèyàn á máa gé e kúrò lára férémù ike, tí á máa fi gúlù lẹ̀ ẹ́ mọ́ra, tí á sì fi ọ̀dà kùn ún títí yóò fi jọ ti gidi. Ṣùgbọ́n mọ́tò tó kó kòkó àwọn bàbá wa láti Akànrán wọ Ìbàdàn, èyí tó ń kó iṣu àti gàrí bọ̀ láti Ìjàyè lọ́jọ́ ọjà, kò jọ pé ẹnikẹ́ni rò ó pé ó yẹ ní títà. Ẹni tó bá ń fẹ́ ẹ, àfi kó ra páálí nǹkan mìíràn, kó sì ti ayùn bọ̀ ọ́.

Mo mọ̀ pé àwọn kan ti ń rẹ́rìn-ín báyìí. Ọkùnrin tó ti hu ewú, tó jókòó sí Mọ́níyà, tó ń lẹ mọ́tò ọmọdé! Ẹ máa rẹ́rìn-ín lọ. Lókè òkun, àwọn àgbàlagbà ló kún ìdí iṣẹ́ ọwọ́ yìí, owó tí wọ́n ń ná lé e lórí kì í sì í ṣe kékeré. Ìṣirò ni ìpìlẹ̀ rẹ̀. Bí wọ́n bá kọ 1:72 sára páálí, ohun tó ga ní ẹsẹ̀ bàtà 6 á di íǹṣì 1 péré. Ní 1:76 tí èmi ń lò, ọkùnrin tó ga dáadáa ò ju mílímítà 24 lọ, ọsàn kan ò sì ju mílímítà 1. Ìṣirò yìí kì í gba àbẹ̀tẹ́lẹ̀. Táyà tó bá fi díẹ̀ tóbi jù, ojú á ti mọ̀ kí ẹnu tó lè sọ ohun tó ṣe é.

Airfix ni orúkọ tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì mọ̀ jù nínú òwò náà. Nicholas Kove, ọmọ ilẹ̀ Hungary, ló dá a sílẹ̀ ní 1939. Ohun ìṣeré tí wọ́n ń fẹ́ atẹ́gùn sí nínú ló fi bẹ̀rẹ̀; lẹ́yìn ogun, òòyà ni ẹ̀rọ rẹ̀ ń rọ. Ní 1949 ni wọ́n bá iléeṣẹ́ Ferguson ṣe katakata kékeré tí àwọn tó ń polówó ọjà wọn á máa mú kiri, ó sì tó ìgbà díẹ̀ kí wọ́n tó kó ẹ̀yà rẹ̀ sínú páálí fún ará ìta. Katakata àgbẹ̀ ló ṣáájú, kì í ṣe bàlúù ogun. Spitfire tí gbogbo ayé fi mọ̀ wọ́n kò tíì jáde nígbà náà. Mo fẹ́ràn láti máa sọ èyí fún àwọn àgbẹ̀ àdúgbò mi, torí wọ́n mọ Ferguson, wọn ò mọ Spitfire. Tamiya tí àwọn ará Japan fi ń yangàn, sọ́mìlì ni nígbà tó bẹ̀rẹ̀ ní Shizuoka ní 1946. Pákó ni wọ́n fi ń ṣe tiwọn kí ike tó gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ rẹ̀.

Tí a bá rò ó dáadáa, bọ̀lẹ̀kájà fúnra rẹ̀, nǹkan inú páálí ni. Austin láti Longbridge, Bedford láti Luton, ṣáásì àti ẹ́ńjìnnì pẹ̀lú imú rẹ̀ níwájú ló sábà máa ń gúnlẹ̀ sí èbúté. Ìyókù dọwọ́ gbẹ́nàgbẹ́nà wa: òpó, ẹ̀gbẹ́, òrùlé, bẹ́ńṣì, títí kan ibi tí dírẹ́bà ń jókòó sí. Gbẹ́nàgbẹ́nà á parí tiẹ̀, àwọn tó mọ lẹ́tà kọ á bọ́ sí i, wọ́n á kọ “Ayé Fẹ́lẹ́” tàbí “Ìwà Lẹwà” síwájú, wọ́n á ya kìnnìún tàbí idì sẹ́yìn. Kò sí méjì tó jọra délẹ̀. Àwọn tó mọ iṣẹ́ yìí ṣe lókè òkun máa ń fọ́nnu pé àwọn kì í ṣe é bí ìwé inú páálí ṣe wí, pé bó bá ṣe wu àwọn làwọn ń yí i padà. Àwọn bàbá wa ti ń ṣe bẹ́ẹ̀ sí mọ́tò gidi, èrò sì ń wọ̀ ọ́ lọ sóko. Nígbà tí wọ́n wá ń to mọ́tò nílé níbí, tí Volkswagen bẹ̀rẹ̀ l’Ékòó, tí Peugeot bẹ̀rẹ̀ ní Kàdúná ní 1975, tí Leyland náà ní ibùdó tirẹ̀ ní Ìbàdàn, ẹ̀yà-ẹ̀yà ni wọ́n ṣì ń kó wọlé. Ṣùgbọ́n bí ìwé ṣe wí ni wọ́n ń tò ó. Gbẹ́nàgbẹ́nà Lálúpọn ò ní ohun tó fẹ́ fi kún un. Lójú tèmi, ẹ̀yìn la padà sí níbẹ̀ yẹn, bí àwọn onímọ̀ ọrọ̀ ajé ò tilẹ̀ ní gbà fún mi.

Páálí tí mo fi ṣe tèmi, mọ́tò tó ń gbé àwọn sójà tó fara gbọgbẹ́ ni: Austin K2, tí wọ́n rọ ní Longbridge nígbà ogun Hitler. Airfix ṣe é ní 1:76, òun àti ọkọ̀ panápaná kan nínú páálí kan náà. Ẹ̀gbọ́n mi tó ń gbé ní Peckham ló kì í bọ àpò wálé, láàárín bàtà àti ọṣẹ. Imú rẹ̀ ni mo tìtorí rẹ̀ yàn án. Bedford ogun tí wọ́n ń tà, èyí tí wọ́n ń pè ní QL, imú rẹ̀ pẹlẹbẹ, dírẹ́bà rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ jókòó lé ẹ́ńjìnnì lórí. Irú ìyẹn kọ́ ni mo mọ̀ lójú ọ̀nà wa. Ti Austin yìí yọ síwájú bó ṣe yẹ, iná rẹ̀ méjèèjì sì ranjú bí ojú ọ̀pọ̀lọ́. Mo rẹ́ yàrá ẹ̀yìn rẹ̀ dànù. Ó ku ṣáásì, táyà àti imú, gbogbo rẹ̀ ò ju nǹkan bíi sẹ̀ńtímítà 7 lọ: ohun kan náà tí ọkọ̀ òkun ń já sílẹ̀ ní Àpápá láyé ọjọ́un.

Ibẹ̀ ni iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀, torí fọ́tò àtijọ́ kì í fi inú mọ́tò hàn. Mo wá bàbá gbẹ́nàgbẹ́nà kan lọ sí Lálúpọn, tí wọ́n ti kan irú rẹ̀ rí. Mo dọ̀bálẹ̀, mo sì gbé e kalẹ̀ síwájú wọn. Wọ́n wò ó, wọ́n wò mí.

“Ìwọ lo ni eléyìí?”

“Èmi ni, Bàbá.”

“O ò níṣẹ́ lọ́wọ́ ni?”

Ṣùgbọ́n kò pẹ́ tí wọ́n fi fa ọwọ̀ kan yọ lára ìgbálẹ̀, tí wọ́n ń fi í júwe. Wọ́n ní òpó tó wà lẹ́yìn dírẹ́bà ló gbọ́dọ̀ nípọn jù, torí òun ni gbogbo ẹrù ń tì nígbà tí mọ́tò bá ń sọ̀ kalẹ̀ gẹ̀rẹ́. Pákó ẹ̀gbẹ́ kì í ga dé òrùlé, àlàfo gbọ́dọ̀ wà kí afẹ́fẹ́ lè wọlé, kí èrò sì ríbi yọjú ra ẹ̀kọ. Ìlẹ̀kùn ẹ̀yìn á sọ̀ kalẹ̀ lórí ẹ̀wọ̀n méjì. Wọ́n wá bi mí léèrè pákó onígun mẹ́ta, èyí tí ọmọ mọ́tò ń gbé dání, tó máa ń fi sábẹ́ táyà kíákíá bí agbára mọ́tò ò bá gbé òkè mọ́. “Bí ìyẹn ò bá sí níbẹ̀,” wọ́n ní, “mọ́tò rẹ ò tíì kúrò ní gáréèjì.”

Mo wọ bọ̀lẹ̀kájà dáadáa nígbà tí mo wà ní kékeré. Mo sùn nínú rẹ̀, mo bì nínú rẹ̀, mo mọ òórùn èlùbọ́ àti epo tó pa pọ̀ nínú rẹ̀. Síbẹ̀ mi ò mọ bí bẹ́ńṣì rẹ̀ ṣe dúró lórí ilẹ̀ pákó, mi ò mọ ibi tí omi òjò ń gbà jáde lórí òrùlé. Ìgbà tí mo ní láti ṣe bẹ́ńṣì tó gùn ní sẹ̀ńtímítà díẹ̀ ni mo tó béèrè. Nǹkan téèyàn ń lò lójoojúmọ́, ojú kì í dúró lé e. Ìdí tí mo fi ń ṣe é gan-an nìyẹn, kì í ṣe torí ẹwà rẹ̀, bó tilẹ̀ rẹwà. Ọwọ̀ ìgbálẹ̀ di òpó, igi ìṣáná di bẹ́ńṣì, ẹ̀wọ̀n ọrùn olówó pọ́ọ́kú tó já di ẹ̀wọ̀n ìlẹ̀kùn, agolo mílíìkì tí mo nà pẹlẹbẹ di òrùlé. Ọsàn inú apẹ̀rẹ̀? Hóró tẹ̀tẹ̀ ni, tí mo kùn lọ́dà.

Ọ̀dà fúnra rẹ̀ gba ọgbọ́n. Agolo àti ìgò kéékèèké ni wọ́n fi ń tà á lọ́hùn-ún, Humbrol àti Vallejo, àwọ̀ kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú nọ́mbà tirẹ̀. Níhìn-ín, kútẹ́ẹ̀sì ń ṣe pupa, àwọn tó ń kun mọ́tò lẹ́bàá ọ̀nà á sì fún ọ ní àṣẹ́kù ìsàlẹ̀ agolo bí o bá mọ ẹ̀bẹ̀ bẹ̀. Ṣùgbọ́n kí èèyàn ṣọ́ra fún tíńnà wọn. Polystyrene ni ike náà, òun àti fóòmù funfun tí wọ́n fi ń di tẹlifíṣọ̀n nínú páálí, ọmọ ìyá ni wọ́n, ẹni tó bá sì ti da pẹtiróò sí fóòmù yẹn rí mọ bó ṣe ń yọ́. Gúlù iṣẹ́ yìí pàápàá, yíyọ́ náà ló fi ń ṣiṣẹ́: á yọ́ etí méjèèjì, wọ́n á wọnú ara wọn, bó bá gbẹ tán wọ́n ti di ẹyọ kan. Ọ̀dà ìlẹ̀kùn tí kẹrosíìnì ń pò ló dára jù fún mi, kì í bá ike jà. Nígbà òjò, kì í gbẹ bọ̀rọ̀. Nígbà ọyẹ́, á gbẹ kíá, àmọ́ eruku á ti bà lé e.

Eruku ọ̀hún kì í sì í ṣe ọ̀tá. Ní Spain, wọ́n ń di eruku sínú ìgò, wọ́n ń tà á fún àwọn tó fẹ́ kí mọ́tò wọn jọ èyí tó ti rìn jìnnà. Irin tó dípẹtà ló ń sọ ilẹ̀pa wa di pupa, irin tó dípẹtà náà ló ń pọ́n nínú ìgò wọn. Mo bu tèmi lójú ọ̀nà oko kan tó yà kúrò ní Èrúnmu, mo fi aṣọ kù ú. Ibi tí a ó fi sí ló le. Ẹ̀yìn mọ́tò ló ń pupa jù, torí eruku tí táyà bá tú á tún yí padà wá bà sí i lẹ́yìn. Gíláàsì iwájú, àfi ibi tí dírẹ́bà fi àkísà nù nìkan ló ń mọ́. Bí mo bá dúró lẹ́bàá ọ̀nà ní Ìyànà Ọ̀fà báyìí, ẹ̀yìn mọ́tò ni mò ń wò, àwọn èèyàn á rò pé nọ́mbà ni mò ń kọ sílẹ̀.

Èèyàn ló wá kù. Sójà ni gbogbo wọn láti inú páálí. Mo gé ìbọn kúrò lọ́wọ́ wọn, mo rẹ tíṣù sínú gọ́ọ̀mù, mo fi ró ìró, mo sì fi wé gèlè fún wọn. Ìyá kan tó wá ra omi tútù lọ́dọ̀ ìyàwó mi bá wọn lórí ìjókòó níbi tí ọ̀dà wọn ti ń gbẹ. “Bàbá Táyọ̀, òrìṣà wo lẹ̀ ń bọ báyìí?” Kò fi ṣàwàdà o. Nílẹ̀ tí wọ́n ti ń gbẹ́ ère ìbejì, tí wọ́n ń wẹ̀ ẹ́, tí wọ́n ń fún un lóúnjẹ, èèyàn kékeré kì í ṣe ohun tí à ń fi ṣeré.

Àmọ́ a ti ní àwọn tó fi èèyàn kékeré sọ nǹkan mìíràn. Thomas Ona Odulate, ọmọ Ìjẹ̀bú, gbẹ́ òyìnbó ajẹ́lẹ̀, àlùfáà àti lọ́yà láyé ìjọba Gẹ̀ẹ́sì. Tádàwà dúdú, tádàwà pupa àti ohun funfun tí wọ́n fi ń kun bàtà ló fi ń kùn wọ́n. Orí wọn tóbi ju bó ṣe yẹ lọ, bí agbẹ́gilére wa ṣe máa ń gbẹ́ ẹ, ẹni tó bá gbé ìṣirò 1:76 tọ̀ ọ́ lọ á kàn fi àsìkò ara rẹ̀ ṣòfò ni. Lọ́wọ́ọ̀wọ́ ọdún 1930, Justus Akeredolu bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́ ẹ̀gún igi ní Ọ̀wọ̀: obìnrin tó ń gúnyán, ọkùnrin tó ń gun ọ̀pẹ, gbogbo rẹ̀ kò gùn tó ìka ọwọ́. Àwọ̀ mẹ́ta ni ẹ̀gún náà ní, ọ̀kan ń funfun, ọ̀kan ń pọ́n, ọ̀kan ń dúdú díẹ̀, nítorí náà kò nílò ọ̀dà kankan. Bí ẹnì kan bá ní òyìnbó ló kọ́ wa ní iṣẹ́ yìí, Ọ̀wọ̀ ni mo máa ń ní kó kọ́kọ́ lọ.

Mo pe ìyá yẹn sún mọ́ tòsí. Ó tẹjú mọ́ obìnrin tó gbé apẹ̀rẹ̀ ọsàn lé ẹsẹ̀, ó ní, “Gèlè kọ́ nìyẹn yẹ kó jẹ́. Ẹni tó ń tọjà bọ̀, òṣùká ló wà lọ́wọ́ rẹ̀.” Òun ló ṣe òṣùká náà fúnra rẹ̀, pẹ̀lú okùn ìránṣọ.

Àwọn ọmọ àdúgbò ò ní àánú bẹ́ẹ̀. “Bàbá, ṣé ó ń rìn?” Mo ní kì í rìn, wíwò ni. Wọ́n wojú ara wọn. Mọ́tò agolo tiwọn ń rìn: agolo sadíìnì, táyà tí wọ́n gé lára sílípáàsì, ọ̀pá gígùn tí wọ́n fi ń yí i. Ọ̀kan nínú wọn ṣe Micra, ó sì di ẹrù mọ́ ọn lórí débi pé búùtù rẹ̀ ò pa dé, bí Micra Ìbàdàn ṣe máa ń rí gẹ́lẹ́. Ọmọ yẹn ò ní páálí, kò ní ìwé, kò sì sí olùkọ́ tó máa fún un ní máàkì lórí rẹ̀. Ó ti wo Micra ju bí àwọn tó ń wà á ṣe wò ó lọ.

Reluwé ni mo ń rò báyìí. Ojú irin tó dé Ìbàdàn ní 1901, tó wá gba Lálúpọn kọjá lọ sí Òṣogbo, mílímítà 1,067 ló fẹ̀. Ti tuntun tó parí sí Mọ́níyà, tí wọ́n ṣí ní 2021, jẹ́ 1,435. Ní 1:87 tí ọ̀pọ̀ àwọn olólùfẹ́ reluwé kékeré ń lò, ti tuntun di 16.5, ìyẹn sì wà lọ́jà káàkiri ayé. Ti àtijọ́ ló wù mí, ó sì di nǹkan bíi 12. Ó ku díẹ̀ kí n gbà pé ọwọ́ ni n ó fi ṣe é, àfi bí mo ṣe rántí pé 1,067 náà ni ọ̀pọ̀ ojú irin àwọn ará Japan, wọ́n sì ń ta ti mílímítà 12 fún àwọn èèyàn wọn. Ẹ̀gbọ́n mi ti Peckham ti ní òun ò gbé ẹrù kankan wálé fún mi mọ́. Ẹni tó ń bọ̀ láti Tokyo ni mò ń wá.