Ufẹ̀ Òkè, Ìlú Inú Àpáta

Ẹni tó bá dúró ní Odòde, ìlú Ìdànrè ti ìsàlẹ̀, tó gbójú sókè, àpáta nìkan ni yóò rí. Bó bá gun àtẹ̀gùn tó lé ní 600, tó sinmi ní ibùsinmi márààrún tó wà lójú ọ̀nà, ìgbà náà ni yóò tó mọ̀ pé òkè yìí ní inú. Láàárín àwọn àpáta gàgàrà, ilẹ̀ jìn sísàlẹ̀ bí inú àwo koto, ibẹ̀ ni Ufẹ̀ Òkè wà, ìlú tí àwọn ará Ìdànrè gbé fún ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọdún.

Abẹ́ ilẹ̀ ni òkúta wọ̀nyí ti dì láti ìgbà láéláé. Àgbàrá ló ń wọ́ iyẹ̀pẹ̀ kúrò lórí wọn díẹ̀díẹ̀ títí wọ́n fi yọ síta. Ní ti àwọn ènìyàn ibẹ̀, ìtàn àtẹnudẹ́nu sọ pé Ilé-Ifẹ̀ ni Olófin ti kó àwọn ènìyàn rẹ̀ wá, òun àti Agboogun, akọni ọdẹ. Wọ́n dúró ní ibì kan tí à ń pè ní Ufẹ́kẹ́ kí wọ́n tó gòkè. A ṣì ń fi ojú ẹsẹ̀ Agboogun han àlejò lára àpáta: wọ́n ní kò sí ẹsẹ̀ tí kì í bá mu, àfi tàjẹ́. Ta ni yóò wá ki ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́, tí yóò ní kò bá òun mu?

Ààbò ni wọ́n wá gòkè, kì í ṣe afẹ́. Lásìkò ogun, ọ̀tá tó ń pọ́n àpáta bọ̀ kò ríbi fara pamọ́ sí. Òjò tó bá sì rọ̀ sórí òkúta, inú kòtò tí ìlú wà yẹn ló ń ṣàn wá.

Ọ̀pọ̀lọ́ kan náà wà lórí òkè yìí tí a kò tíì rí níbòmíràn láyé. Ọdún 1963 ni onímọ̀ ẹranko kan, Arne Schiøtz, kọ nípa rẹ̀; nígbà tó yá, ó lé ní ogójì ọdún tí àwọn onímọ̀ kò fi fojú kàn án, kí wọ́n tó tún rí i. Ara àpáta tí omi fẹ́ẹ́rẹ́ ń sun lé lórí ni àwọn ọmọ rẹ̀ ti ń dàgbà, kì í ṣe inú odò.

Àwọn òyìnbó náà gòkè: ilé ẹ̀kọ́ dé ní 1896, kóòtù ní 1906. Ṣùgbọ́n ìsàlẹ̀ ni kòkó ti ń ṣe dáadáa, ìsàlẹ̀ náà ni ọ̀nà mọ́tò gbà. Ta ni yóò máa ru àpò kòkó gun òkè? Ní nǹkan bí 1923 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kó sọ̀ kalẹ̀. Ààfin amọ̀ pẹ̀lú òpó gbígbẹ́ rẹ̀ ṣẹ́ kù sókè, Ọwá, ọba Ìdànrè, sì ṣì ń gòkè lọ ṣọdún Idẹn.

Láti 2007 ni Nàìjíríà ti forúkọ òkè náà sílẹ̀ lọ́dọ̀ UNESCO pé kí wọ́n kà á mọ́ ogún àgbáyé. Kí ìdáhùn tó dé, ẹ̀yin aláṣẹ, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún òrùlé àwọn ilé amọ̀ wọ̀nyẹn ṣe.