Mo dé Framingham, ìlú tí wọ́n ti ń yẹ ara wò kí àìsàn tó dé

Nígbà tí ọmọ mi obìnrin bímọ nílùú Boston, ní Amẹ́ríkà, mo lọ bá a wẹ ọmọ. Lọ́jọ́ kan tí ọwọ́ dilẹ̀, ó ní, "Màámi, ẹ jẹ́ ká lọ wo Framingham. Ẹ̀kọ́ tí ì bá gba Dádì là, ibẹ̀ ni wọ́n ti kọ́ ọ." Ọ̀rọ̀ náà gún mi lọ́kàn. Bàbá wọn ṣubú lulẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kan, kò sì dìde mọ́. Kì í ké orí fífọ́, kì í ké àárẹ̀. Àwọn kan ní wọ́n ta á lọ́fà ni. Dókítà ní ẹ̀jẹ̀ ríru ló fa rọpárọsẹ̀ tó pa á.

A wọ ọkọ̀ ojú irin, a kọrí sí ìwọ̀-oòrùn. Ìrìn nǹkan bí 30 kìlómítà ni. Ẹni tó bá ń wá ààfin tàbí òkè ńlá kò ní bá a níbẹ̀. Ilé, ṣọ́ọ̀ṣì àti ṣọ́ọ̀bù ni, àwọn ará Brazil sì pọ̀ níbẹ̀. Àwọn tó ń sá eré ìje ọlọ́nà jíjìn ti Boston máa ń gba ìlú náà kọjá lọ́dọọdún. Ṣùgbọ́n kì í ṣe eré ìje ló gbé mi débẹ̀.

Ní 1945, rọpárọsẹ̀ pa Franklin Roosevelt, Ààrẹ Amẹ́ríkà, lórí àléfà. Ìfúnpá rẹ̀ ti ga fún ọdún mélòó kan. Nígbà náà, ọ̀pọ̀ dókítà gbà pé ọjọ́ orí ló ń fa irú rẹ̀. Ní 1948, Ààrẹ Harry Truman fọwọ́ sí òfin ìwádìí àrùn ọkàn. Lọ́dún yẹn gan-an ni iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní Framingham.

Wọn kò lọ kó aláìsàn jọ o! Àwọn 5,209 àgbàlagbà, lọ́kùnrin lóbìnrin, tí àrùn ọkàn kò tíì kọlù ni wọ́n ń wá. Lọ́dún méjì-méjì, wọ́n ń wọn ìfúnpá wọn, wọ́n ń yẹ ẹ̀jẹ̀ àti ìtọ̀ wọn wò. Nígbà tí àìsàn wá kọlu àwọn kan, wọ́n ṣí ìwé àtijọ́ wò. Ní 1961, Dókítà William Kannel àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kéde pé ẹ̀jẹ̀ ríru àti ọ̀rá tó pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀ máa ń ṣáájú àrùn ọkàn. Ní 1971, àwọn ọmọ wọn náà wọlé sí ìwádìí náà. Ní 2002, ó kan àwọn ọmọ-ọmọ.

Ohun tí a lè wọ̀n, tó ń tú àṣírí àìsàn kí ara tó ro wá, ni àwọn oníṣègùn ń pè ní biomarker, ìyẹn àmì inú ara. Àìsàn bẹ́ẹ̀ dà bí ikán tó ń jẹ òpó láti inú: ọ̀dà ara rẹ̀ ṣì ń dán.

Ẹ̀yin òbí, mẹ́ta nìyí tí ẹ lè béèrè fún. Àkọ́kọ́ ni ìfúnpá: tó bá ń jẹ́ 140/90 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ léraléra, ẹ rí dókítà. Èkejì ni àyẹ̀wò HbA1c, tó ń sọ bí ṣúgà ti rí nínú ẹ̀jẹ̀ láti oṣù méjì sí mẹ́ta sẹ́yìn, 6.5 nínú ọgọ́rùn-ún sókè ń tọ́ka sí àtọ̀gbẹ. Ẹ̀kẹta ni albumin inú ìtọ̀, tó lè fi hàn pé kíndìnrín ti ń jò kí ẹsẹ̀ tó wú.

Àyẹ̀wò ẹ̀ẹ̀kan kì í ṣe ìdájọ́. A máa ń tún un ṣe. Bákan náà, òyìnbó aláwọ̀ funfun ló pọ̀ jù nínú àwọn ará Framingham ìgbà náà, kó tó di 1994 tí wọ́n mú àwọn aláwọ̀ dúdú àti ẹ̀yà mìíràn kún un. Dókítà yín ló yẹ kó túmọ̀ iye tiyín fún yín.

Nígbà tí a délé, mo na apá sí ọmọ mi. Ẹ̀rọ náà sọ pé 162/98. Bẹ́ẹ̀, n kò mọ ohunkóhun lára! Ó tún un wọ̀n lọ́jọ́ kejì, kò yàtọ̀. Mo ti rí dókítà báyìí, mò ń lo oògùn láràárọ̀, mo sì ti dín iyọ̀ kù.

Wọ́n ní àìsàn ló ṣeé wò, kò sẹ́ni tó rí ti ọlọ́jọ́ ṣe. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò. Bàbá àwọn ọmọ mi kò mọ iye tirẹ̀ títí ó fi lọ. Ẹ̀yin ńkọ́, ẹ mọ tiyín?